Nígbà tí báńkì bá ń sọ fún ọmọ yín pé "c'est en cours": bí òbí ṣe lè bá a tú àkáǹtì tó há

Nígbà kẹta tí ọmọ mi obìnrin pè mí láti Calavi, níbi tó ti ń lọ sí yunifásítì, lórí ọ̀rọ̀ báńkì, gbólóhùn kan ṣoṣo ló bá dé: "Màámi, wọ́n tún ní c'est en cours." Ìyẹn ni pé, iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Ọjọ́ ọjà Kétu ni. Mo ń wọn gàrí lọ́wọ́, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Mo ní kí ló wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an tí kò parí? Kò mọ̀. Ẹni tó wà ní gíṣẹ́, ibi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn, kò sọ fún un, òun náà kò sì béèrè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá tó ti kó ìwé lọ ṣí àkáǹtì. Owó ilé ti tó san, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń kó RIB, ìwé tí báńkì ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì sí, lọ fún àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì (bourse, owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́).

Mo mọ̀ pé òbí tó wà nínú irú rẹ̀ kò kéré, láti Kétu dé Pobè dé Ṣábẹ. N kì í ṣe òṣìṣẹ́ báńkì. Gàrí àti àgbàdo ni mo ń tà. Ohun tí mo fi owó ọkọ̀ àti ìbínú kọ́ ni mo kọ sílẹ̀ yìí, bó ṣe tẹ̀ léra.

Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tó há sí

"Ìgbà wo ló máa yá?" ni gbogbo wa ń béèrè. Ìbéèrè yẹn kò lérè, nítorí ẹni tó ń dá yín lóhùn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè pé: "Ibo ló dúró sí, ọwọ́ ta ló wà?"

Ẹni tó gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kọ́ ló ń ṣí àkáǹtì. Òun á yẹ̀ ẹ́ wò, á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn, tí wọ́n sábà máa ń wà ní olú ilé-iṣẹ́ ní Kútọnu, á tún un yẹ̀ wò, torí òfin kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi báńkì fọ owó àìmọ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá fọwọ́ sí i ni nọ́ńbà àkáǹtì tó jáde. Wọ́n á wá ya ìfọwọ́sí ọmọ sínú ẹ̀rọ, RIB á sì ṣeé tẹ̀. Káàdì ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n káàdì kọ́ ni bọ́ọ̀sì ń dúró dè. Ọmọ mi kò mọ èyí. Ó ti rò pé bí káàdì kò bá dé, kò sí ohun tó dé.

Nítorí náà, kí ọmọ wọlé pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́rin, kó sì kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé kékeré kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá a lóhùn:

Ṣé nọ́ńbà àkáǹtì ti jáde? Bí ó bá ti jáde, kó má kúrò níbẹ̀ láìgba RIB.

Bí kò bá tíì jáde, ṣé ìwé mi ti kúrò ní ẹ̀ka yìí? Ọjọ́ wo ló kúrò?

Ṣé ìwé kan kù, àbí wọ́n kọ̀ láti gba ìwé kan? Èwo ni, kí ló ṣe é?

Ta ni kí n padà wá rí, lọ́jọ́ wo?

Mo lọ fúnra mi ní ọjọ́ Túsìdé kan. Mo kúrò ní Kétu kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gba Pobè, Sakété, Àjàṣẹ́, oòrùn ti mú kí n tó dé Calavi. Ọmọ mi béèrè ìbéèrè kejì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà ní gíṣẹ́ fa dúrọ́ọ̀ kan, ó ń ṣí àwọn fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan tiwa nísàlẹ̀ pátápátá. Ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè kan lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí i pé "nom à vérifier", orúkọ tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Fáìlì náà kò tíì jáde kúrò nínú ilé yẹn rí. Gbogbo "c'est en cours" tí wọ́n ń sọ fún wa, inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Inú bí mi, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n mo gbé e mì, torí ọmọ mi ló máa padà wá síbẹ̀, èmi kọ́.

Orúkọ: ibi tí wàhálà àwa Yorùbá Bìnẹ̀ pọ̀ sí jù

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n akọ̀wé mẹ́rì kò wo ilé kankan kó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ló fi ìlànà Faransé kọ. Orúkọ tí àwa ń pè ní Adéṣínà, ẹnì kan á kọ ọ́ ní Adéchina, ẹlòmíràn á kọ ọ́ ní Adéchinan. Bí wọ́n bá bí ọmọ ní apá Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, tàbí tó ṣe ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó di Adeshina tàbí Adesina. "Ou" wà lọ́dọ̀ wa níbi tí "u" wà lọ́dọ̀ àwọn ti Nàìjíríà. "Ch" wà níbi tí àmì wà lábẹ́ "s". Ẹni kan náà ni lójú wa. Lójú kọ̀ǹpútà báńkì, ènìyàn mẹ́rin ni.

Ìyẹn lohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa. "Ch" ló wà nínú ìwé ìbí, "sh" ló wà nínú ìwé ẹ̀rí bac, ìdánwò àṣejáde ilé-ìwé girama. Kò sí ẹni tó rí i nínú ilé wa láti ọjọ́ tó ti wà nílé-ìwé.

Ohun tí mo ń sọ fún ẹni tó bá bi mí báyìí nìyí. Kí ọmọ tó lọ sí báńkì rárá, ẹ tẹ́ gbogbo ìwé rẹ̀ sórí ẹní lálẹ́ ọjọ́ kan: ìwé ìbí, CIP (ìwé ẹ̀rí ìdánimọ̀) tàbí káàdì ìdánimọ̀ tó ní NPI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni kọ̀ọ̀kan), ìwé ẹ̀rí bac, ìwé ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì. Kí ọmọ máa ka orúkọ sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, kí ẹ̀yin máa fi ìka tọ́ ọ lórí ìwé kejì. Ẹ wo ọjọ́ ìbí náà. Ẹ wo orúkọ kejì tí wọ́n fo nínú ìwé kan tí wọ́n kọ sínú èkejì, àti èyí tí wọ́n fi àmì so pọ̀ níbì kan tí wọn kò so pọ̀ níbòmíràn. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ pe ọmọ àbúrò yín kan tó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ojú ni, kò ju wákàtí kan lọ.

Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ mọ èyí tó jẹ́ gbòǹgbò. Báńkì ń tẹ̀ lé ìwé ìdánimọ̀ tó ní NPI, èyí tó wà lọ́wọ́ ANIP, ilé-iṣẹ́ tí òfin ọdún 2017 fi iṣẹ́ ìdánimọ̀ gbogbo ènìyàn sí lọ́wọ́. Bí ti ANIP bá bá ìwé ìbí mu, tó jẹ́ pé ìwé yunifásítì ló ṣì í kọ, yunifásítì ni kí ẹ lọ bá. Bí ó bá jẹ́ ti ANIP ló ṣì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe, nítorí ohun tí ẹ bá kọ́ lé e lórí á wọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ìwé kan sì wà tí aláṣẹ lè fọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé orúkọ méjèèjì, ẹnì kan náà ló ń jẹ́ wọn. Kí ẹ tó lọ san owó fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bi báńkì léèrè irú èyí tí wọ́n máa gbà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí bébà fún yín. Èmi lọ gba èyí tí wọn kò fẹ́, mo tún padà.

Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 18

Ọmọ púpọ̀ ló ń gba bac ní ọdún 16 tàbí 17 lóde òní. Lábẹ́ òfin wa, ẹni tí kò tíì pé 18 kò lè dá fọwọ́ sí ìwé báńkì fúnra rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa bá a fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tirẹ̀ àti ìwé ìbí ọmọ. Níbí ni ọ̀pọ̀ fáìlì ti ń kú: ọmọ á kó ìwé sílẹ̀ ní Calavi, òbí wà ní Kétu, ẹnikẹ́ni kò sì pe òbí.

Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ẹ wá báńkì tó ní ẹ̀ka nítòsí yín tó sì ní sí Calavi tàbí Parakou, níbi tọ́mọ ń lọ, ẹ ṣí i kó tó gbéra. Ẹ béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pé 18, torí wọ́n á ní kó wá fọwọ́ sí i lọ́tun. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Kétu níbí, ẹ kú oríire; ẹ kò mọ iye owó ọkọ̀ tí ẹ jèrè.

Ilé tó ń gbé

Báńkì á ní kó mú ìwé tó fi ibùgbé rẹ̀ hàn wá, wọ́n sì sábà máa ń fẹ́ ìwé iná SBEE tàbí ti omi SONEB. Ọmọ tó gba yàrá kan ní Zogbadjè, ẹ̀yìn yunifásítì níbẹ̀, mítà kan ni gbogbo àgbàlá ń lò, orúkọ onílé ló sì wà lórí rẹ̀. Kí ọmọ má tìtorí ìyẹn padà sílé. Kó bẹ onílé fún ẹ̀dà ìwé iná náà, kó fi ìwé àdéhùn ilé tàbí rìsíìtì owó ilé kún un. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, kó béèrè bóyá wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí ibùgbé láti ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò tàbí mẹ́rì. Onílé mìíràn kì í fẹ́ kí ìwé rẹ̀ dé báńkì, ẹ̀rù owó orí ló ń bà á. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ pe irú rẹ̀, kí ẹ kí i dáadáa, kí ẹ ṣàlàyé.

Nọ́ńbà fóònù

Èyí kéré, ó sì ń di nǹkan ńlá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni nọ́ńbà ní Bìnẹ̀ kúrò ní mẹ́jọ, tó di mẹ́wàá, tí 01 wà níwájú. Bí ọmọ bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ bó ṣe mọ́ ọn lára, láìfi 01 sí i, iṣẹ́ tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sí fóònù kò ní dé, òun á sì rò pé wọn kò ránṣẹ́. Bákan náà ni bí síìmù bá wà lórúkọ yín tàbí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kó ní síìmù lórúkọ ara rẹ̀ kó tó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.

Ta ló máa sọ̀rọ̀?

Ọmọ tó ti pé 18, báńkì kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ àkáǹtì rẹ̀ fún ẹ̀yin òbí láìjẹ́ pé ó gbà. Ẹ má bínú sí wọn; bí wọ́n bá ń sọ ọ́ fún yín, wọ́n á máa sọ ọ́ fún ẹlòmíràn náà. Bí ẹ bá bá a lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí òun sọ ọ́. Ní ọjọ́ tí mo wí yẹn, ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ́kọ́ kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ káàsán, mà, kí lẹ fẹ́?" Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ mi ló ni ọ̀rọ̀, mo kàn sìn ín wá ni." Ìgbà tó rí i pé ọmọ náà mú ìwé tó kọ ọjọ́ àti orúkọ sí jáde, ìjókòó rẹ̀ yí padà.

Bí ẹ bá wà nílé, ẹ kọ́ ọ lórí fóònù kó tó wọlé. Kó wí tirẹ̀ fún yín bí ẹni pé ẹ̀yin ni òṣìṣẹ́ báńkì. Ọmọ tiwa tí a tọ́ pé kó má wo àgbà lójú, ó ṣòro fún un láti sọ fún àgbà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá kọ́ nìyí." Ó lè kúnlẹ̀ díẹ̀, kó kí wọn, kó sì ṣì sọ ọ́.

Owó tó máa jẹ́ kó gbé e títí dìgbà yẹn

MoMo ti MTN, Moov Money tàbí Celtiis Cash, ọ̀kan nínú wọn lórúkọ ọmọ fúnra rẹ̀ tó láti fi gbọ́ bùkátà. Èmi ń fi tèmi ránṣẹ́ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, nítorí owó tó bá wà lọ́wọ́ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í pẹ́ tán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àkáǹtì tirẹ̀ náà kò tíì ṣí á sì wá yá a. Owó ilé ẹ̀wẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé tààrà, kí ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tó bá wọlé sórí fóònù.

Ohun kan wà tí mo kọ̀ jálẹ̀. Ọmọ mi ní ọ̀rẹ́ òun kan ní RIB, pé kí òun fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀sì fún ìgbà díẹ̀. Rárá o. Orúkọ tó wà lórí RIB kò ní bá orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ mu, owó náà lè padà sẹ́yìn, ìgbà tí ẹ sì máa rí i lẹ́ẹ̀kejì kò lọ́jọ́. Bí ó bá sì wọlé sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, ẹ ti fi ìbádọ́rẹ̀ẹ́ ọmọ méjì sínú ewu.

Dípò bẹ́ẹ̀, kí ọmọ lọ bá àwọn tó ń rí sí bọ́ọ̀sì kí ọjọ́ tó kọjá, kó béèrè bóyá ìwé báńkì tó fi hàn pé ìwé ti wọlé fún ṣíṣí àkáǹtì tó láti fi dúró. Kó tún béèrè irú àkáǹtì tí wọ́n ń gbà, kí ẹ má lọ fi oṣù kan ṣí èyí tí wọn kò ní gbà. Mo ní owó nínú CLCAM, ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ àti ìyáwó àwọn àgbẹ̀, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ béèrè kí n tó ní kọ́mọ lọ síbẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ń kọjá tí kò sí ìdáhùn

Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹnu kò ní ẹ̀dà. Ẹ̀dà méjì ni kí ọmọ tẹ̀, kó kọ ọ́ sí olórí ẹ̀ka: ọjọ́ tó kó ìwé wá, ọjọ́ tó padà wá àti ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan (gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé kékeré yẹn), ohun tí ìdádúró náà ti kó bá a, àti ohun méjì tó ń béèrè: ibi tí fáìlì dúró sí, àti ìdáhùn lórí ìwé. Ojú ewé kan, láìsí èébú. Kó fún wọn ní ọ̀kan, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí èkejì, kó mú un lọ. Inú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní *décharge*, ni agbára rẹ̀ wà. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ tí kò yí fún oṣù kan máa ń yí láàárín ọjọ́ tí òǹtẹ̀ bá ti bà á.

Bí olórí ẹ̀ka kò bá dáhùn, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní olú ilé-iṣẹ́ báńkì náà. Lókè wọn ni BCEAO wà, báńkì àgbà fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà wa. Ó ní ilé ní Kútọnu. Ẹ má fi BCEAO bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ ẹ̀ka lórí, wọ́n á ní kí ẹ padà sí ẹ̀ka.

Tàbí kí ẹ yí báńkì padà. N kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Láti ọdún 2014 ni BCEAO ti pàṣẹ pé iṣẹ́ 19 kan wà tí báńkì kò gbọdọ̀ gbowó lé lórí, ṣíṣí àkáǹtì sì wà lára wọn. Owó tí wọ́n ní kí ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó ọmọ ni, inú àkáǹtì rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ ṣọ́ra fún "pack", àwọn iṣẹ́ tí wọ́n dì pọ̀ bí ẹrù ọjà, tí wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù: káàdì, iṣẹ́ orí fóònù, ìdójútòfò. Ẹ béèrè ohun tó ń jáde lóṣù kan kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Ọmọ tó ní bọ́ọ̀sì nìkan kò nílò ju àkáǹtì lásán lọ. Kí ó sì gba ìwé rẹ̀ padà lọ́wọ́ báńkì àkọ́kọ́, kó kọ ọ́ pé òun kò ṣe mọ́, kí àkáǹtì kan má baà ṣí lẹ́yìn rẹ̀ láìmọ̀.

Ọjọ́ tí RIB bá dé

Tiwa dé ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn lẹ́tà. Ọmọ mi ya àwòrán rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mo ní kó má tíì gbé e lọ síbi kankan, kó jókòó, kó kà á fún mi. RIB wa ní Bìnẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 24 ni lápapọ̀: 5 fún báńkì, 5 fún ẹ̀ka, 12 fún àkáǹtì, 2 gbẹ̀yìn fún kọ́kọ́rọ́, èyí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nọ́ńbà náà tọ̀nà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní IBAN, ìyẹn nọ́ńbà àkáǹtì fún ìlò káríayé, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BJ, ó sì di 28. Ó fi èékánná tọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélógún pé. Lẹ́yìn náà ló ka orúkọ, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì: "c, h."

Mo fi ẹgbẹ̀rún méjì fránkì ránṣẹ́ sínú rẹ̀ láti Kétu ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìgbà tó yọ jáde lójú fóònù rẹ̀ ni mo tó ní kó máa gbé RIB lọ.